Ọmọ Erin Lọ Kí Erin

Bàbá mi kì í pe orúkọ ìyá mi. Erin ló ń pè é. Bí ó bá ti ìsọ̀ pákó rẹ̀ lọ́jà Kàtàkó ní Jọ́ọ̀sì dé nírọ̀lẹ́, tí ìyẹ̀fun igi ṣì wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò béèrè pé, "Erin ńkọ́? Ṣé Erin wà nílé?" Ìyá mi yóò dáhùn láti ilé ìdáná pé, "Erin wà o." Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn.

Àlejò tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ máa ń rẹ́rìn-ín, nítorí ìyá mi kò tóbi rárá. Obìnrin kékeré tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bàtà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ti ọmọ iléèwé lọ. Ṣùgbọ́n orílẹ̀ Erin ni ìdílé wọn nílẹ̀ Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti wá, bí àwọn ẹlòmíràn ti jẹ́ ọmọ Ọ̀kín, tí àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ Òpó. Ìyá tó bí i ló kọ́ ọ ní oríkì náà. Bí ó bá ń di irun fún un ni yóò máa kì í, láti ìpàkọ́ títí dé iwájú orí, tó fi jẹ́ pé kí ìyá mi tó mọ A, B, D, ó ti mọ gbogbo ìṣe erin: bí ó ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń fi etí fẹ́ ara rẹ̀, bí ó ṣe ń ya ẹ̀ka igi, bí igbó ṣe ń di ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀.

Kò rí erin rí. Wọ́n ti pa erin igbó ìlú wọn tán kí wọ́n tó bí i. Jọ́ọ̀sì tí bàbá mi sì mú un wá nígbà tó gbé e níyàwó kì í ṣe ìlú erin. Ìlú ìwakùsà ni, ìlú òkúta àti òtútù.

Àwọn kan nínú ìjọ wa gbà pé nǹkan kèfèrí ni oríkì ẹranko. Ìyá mi kò bá wọn jiyàn. Ó ní Ọlọ́run ló dá erin, ẹni tó bá sì yin iṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀gá kò bú Ọ̀gá. Òrìṣà ni kò fẹ́ gbọ́ sétí. Bàbá rẹ̀ ti dáná sun gbogbo òrìṣà ilé wọn nígbà tó gba ìgbàgbọ́, ìyá mi a sì máa fi yangàn pé orúnkún òun kò kanlẹ̀ fún igi tàbí òkúta rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun.

Bàbá mi sùn nínú Olúwa ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a yí owó wa padà sí náírà. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ń béèrè Erin lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Èmi ni àbíkẹ́yìn, èmi ni mo sì wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ilé wa ní Dogon Dutse. Mo ń ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ wa, níbi tí wọ́n ti kọ́ èmi náà níwèé. Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú bàbá mi ni ojú ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Funfun kan bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì bí èéfín. Lákọ̀ọ́kọ́, kò lè ka Bíbélì mọ́, èmi ni mò ń kà á fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ó bu iyọ̀ sínú tíì fún àlùfáà wa, àlùfáà sì mu ún tán láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ohùn ló fi ń dá wa mọ̀.

Dókítà tí a lọ bá ní iṣẹ́ abẹ tí kò le ni. Ó ní ilé ìwòsàn ojú kan wà tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀, ìrìn àjò ọjọ́ kan sí ọ̀dọ̀ wa, àti pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ìyá mi ní òun gbọ́. Nígbà tí a délé, ó ní kí n jókòó.

"Ọmọ mi, ẹyinjú kì í ṣe iṣu tí a ń fi ọ̀bẹ bẹ. Ọlọ́run tó fún mi ní ojú yìí ti jẹ́ kí n lò ó pẹ́. Mo fi rí bàbá rẹ. Mo fi rí ẹ̀yin ọmọ mi, mo sì fi rí àwọn ọmọ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ bí. Ohun kan ṣoṣo ló kù."

"Kí ni, Màmá?"

"Erin."

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàwàdà. Kì í ṣe àwàdà. Ó ní ó ń ti òun lójú pé láti kékeré ni wọ́n ti ń fi erin ki òun, tí ọkọ òun fi pe òun ní Erin títí ó fi kú, òun kò sì mọ erin bí ó bá bá òun pàdé lọ́nà. Bí Ọlọ́run bá jẹ́ kí òun rí erin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù yìí, a jẹ́ pé ojú òun ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, kí ó máa lọ sinmi. Ẹnikẹ́ni kò ní fi abẹ kan òun.

Ọ̀rọ̀ náà mú mi wà ní àárín méjì. Mo fẹ́ kí ó rí erin. Mo sì fẹ́ kí ó lọ ṣe ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bí ó bá rí erin, kò ní gbà kí wọ́n fi abẹ kan ojú rẹ̀. Mo gbé e fún Ọlọ́run nínú àdúrà, mo sì sọ fún Un pé èmi kò mọ èyí tí mò ń tọrọ.

Ọgbà ẹranko kan wà lẹ́yìn ìlú wa nígbà náà, igbó gbalasa tí wọ́n fi wáyà yí ká, tí ìjọba kó àwọn ẹranko ilẹ̀ wa sí kí wọ́n má baà run tán. Nígbà tí òjò ọdún náà dá, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa pinnu pé ibẹ̀ ni a ó ti lọ ṣe ìgbafẹ́ wa. Ọ̀gá akọrin wa ló mú àbá náà wá. Tíṣà àgbà ni, ọmọ Èkìtì tí ìjọba gbé wá sí Jọ́ọ̀sì tí kò sì padà mọ́. Ènìyàn rere ni, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fún un ní ohùn ìsàlẹ̀. Bí ó bá ń sọ àṣírí fún ọ ní Dogon Dutse, ará Lamingo lẹ́yìn ìlú a gbọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ìyá mi bá wa lọ, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

"Màmá yóò rí erin," ni ó wí. "Èmi fúnra mi yóò bá erin sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ tí a ń lọ, aṣọ funfun tí ìyá mi fi ń gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa ni ó wọ̀. Mo ní, "Màmá, igbó ni à ń lọ o, eruku wà níbẹ̀." Ó ní òun mọ ibi tí òun ń lọ.

Ní ẹnu ọgbà, ọkùnrin kan tó wọ káàkì wọ inú bọ́ọ̀sì wa. Ọmọ ilẹ̀ Jọ́ọ̀sì ni, òun ni yóò mú wa yíká. Hausa ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ ọ nínú wa. Nígbà tó rí ìyá mi nínú aṣọ funfun lórí ìjókòó iwájú, ó tẹríba díẹ̀.

"Sannu, Mama. Ṣé ìgbéyàwó lẹ ń lọ ni?"

"Erin ni mo wá kí," ni ìyá mi fi Hausa dá a lóhùn.

Mo ṣàlàyé fún un nípa ojú rẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní erin kan máa ń wá mumi ní odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ òkè lówùúrọ̀, àti pé bí oòrùn bá ti mú, yóò wọ inú igi lọ, ó di ọjọ́ kejì. "Toh," ni ó wí, "odò ni a ó kọ́kọ́ lọ. A ṣì lè bá a."

Bóyá à bá bá a lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró lókè odò tí a sọ̀kalẹ̀, a ṣe ohun tí a máa ń ṣe. Kò sí ibi tí ẹgbẹ́ akọrin wa ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a kì í kọrin ìdúpẹ́. À ń kọ ọ́ nílé òkú, à ń kọ ọ́ níbi ìgbéyàwó, a ti kọ ọ́ ní gáréèjì rí. Ọ̀gá akọrin gbé ọwọ́ sókè, àwa náà la ẹnu, a kọ ọ́ ní ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹsẹ márùn-ún gbáko, pẹ̀lú ègbè. Èmi náà kọ ọ́ tọkàntọkàn. Láàárín ẹsẹ kejì ni mo rí àgbọ̀nrín mẹ́ta lókèèrè tí wọ́n gbé orí sókè. Nígbà tí a dé ẹsẹ kẹta, n kò rí wọn mọ́.

Ọkùnrin oníkáàkì náà kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó dúró títí a fi ṣe Àmín. Ọmọlúàbí ni.

"Orin yín dùn," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Gbogbo ẹran tó wà lápá ibí ló ti gbọ́ ọ."

Ọ̀gá akọrin wò ó. "Àbí wọn kò fẹ́ràn orin ni?"

"Wọn kò mọ̀ pé orin ni, Ọ̀gá. Wọ́n rò pé ẹ̀ ń bọ̀ wá pa wọ́n."

A sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò náà wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó pẹ́ dé ìsìn. Kò sí erin níbẹ̀. Omi ṣì ń rú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀, ńlá ńlá, omi sì ń sun bọ̀ sínú wọn. Ọkùnrin náà di ọwọ́ ìyá mi mú, ó jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ojú ẹsẹ̀ kan. Ìyá mi fi ìka wọ̀n ọ́n láti etí kan dé èkejì, ó tún un wọ̀n, ẹrẹ̀ sì ti bá etí aṣọ funfun rẹ̀.

"Ẹlẹ́sẹ̀ odó," ni ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Ìyá mi kò parọ́." Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè. "Ó ti lọ ni?"

"Ó ti lọ, Màmá," ni mo wí.

Ọ̀gá akọrin yọ fìlà, ó ń fi nu ojú. N kò rí i kí ó ṣojo bẹ́ẹ̀ rí. "Màmá, ẹ̀bi mi ni," ni ó wí, kò sì pariwo.

"Ẹ̀bi ta ni pé ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run?" ni ìyá mi fi dá a lóhùn.

Ọkùnrin oníkáàkì mú wa lọ síbòmíràn, ó ní erin lè yí padà. A rí ìkookò tó ń sùn lẹ́bàá òkúta. A rí ògòǹgò tó ń wò wá bí ìyàwó àlùfáà ṣe ń wo ẹni tó pẹ́ dé. Ọ̀bọ kan já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn akọrin, ó gun igi lọ jẹ ẹ́ lójú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ìka han ara wọn. Nígbàkígbà tí ariwo bá sọ, ìyá mi yóò na ọrùn.

"Ṣé erin ni?"

"Rárá, Màmá. Ẹtu ni."

"Kí Olúwa bù kún un." Yóò sì tún fẹ̀yìn tì.

Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀gá akọrin ní a gbọ́dọ̀ máa padà, nítorí ìdánrawò fún ìsìn ọjọ́ kejì. A yí orí bọ́ọ̀sì sí ọ̀nà ẹnubodè. Mo jókòó ti ìyá mi. Ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, mo mọ̀ pé àdúrà ni. Lẹ́yìn náà, ó fọwọ́ lé orúnkún mi.

"Kò burú," ni ó wí. "Mósè náà kò wọ ilẹ̀ ìlérí. Ọlọ́run kàn fi hàn án lókèèrè ni. Èmi fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ̀rín náà ni n kò lè fara dà. Mo yí ojú sí fèrèsé. Àpáta kan wà lábẹ́ igi lápá òsì ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ Jọ́ọ̀sì mọ irú àpáta bẹ́ẹ̀. Ó ga, àwọ̀ eérú ni, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, òkúta pẹlẹbẹ kan sì rọ̀ wálẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ọwọ́ ìjà erin. Mo gbọ́ ohùn ara mi.

"Màmá, òun nìyẹn."

Awakọ̀ tẹ bíréèkì. Ìyá mi di apá mi mú. "Níbo?"

"Lábẹ́ igi. Ẹ tẹ̀ lé ìka mi."

Ó wò, ó wò. "Mo rí i," ni ó wí. "Ó rí bí eérú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Gbogbo bọ́ọ̀sì dákẹ́. Ọkùnrin oníkáàkì wo àpáta, ó wo èmi, ó wo ìyá mi. Ìyá mi ní kí a sọ òun kalẹ̀. Ọkùnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó ní kí a má kọjá ẹsẹ̀ mẹ́wàá, bí ẹni tó ń ṣọ́ wa lóòótọ́. Mo mọ̀ pé àánú ló fi ṣe é, ṣùgbọ́n irọ́ náà ti di ti gbogbo wa.

Ìyá mi tẹ̀ síwájú. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ sínú koríko gbígbẹ, orúnkún méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ohùn ọmọdébìnrin ni.

"Erin, arìn-gbẹ̀rẹ̀-sọ-igbó-dọ̀nà,
Ẹlẹ́sẹ̀ odó tí kì í gún iyán,
A pè ọ́ lẹ́ran, o ga ju ilé ẹni tó pè ọ́ lọ.
Abẹ̀bẹ̀ rẹ wà létí rẹ, o kò yá ti ẹnìkan."

Ó kì í pẹ́. Nígbà tó parí, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń bá ará ilé sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọkọ mi ní kí n kí ọ. Orúkọ rẹ ló fi pè mí títí ó fi lọ." Ọ̀gá akọrin ti ṣí fìlà. Àwọn obìnrin inú bọ́ọ̀sì ń nu ojú.

Èmi nìkan ni ojú mi gbẹ. Mo ń wo orúnkún rẹ̀ nínú koríko. Obìnrin tí kò kúnlẹ̀ fún òkúta rí láyé rẹ̀, èmi tó bí ni mo mú un wá kúnlẹ̀ fún òkúta.

Nígbà tó padà jókòó, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fọwọ́ lu itan mi. "Ó dákẹ́ púpọ̀ o. N kò rí i kí ó mi etí."

"Ó ń sùn ni, Màmá." Bí irọ́ ṣe ń bímọ nìyẹn.

"Erin ń sùn lóòró, mo mọ̀." Ó fẹ̀yìn tì, ó pa ojú dé. "Ọlọ́run, mo dúpẹ́. Ojú mi ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán."

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí dókítà.

A kò tíì rìn jìnnà nígbà tí awakọ̀ tún tẹ bíréèkì, lójijì, tí orí wa fi kan ìjókòó iwájú. Nǹkan kan ti jáde láti inú igbó, ó sì dúró sí àárín ọ̀nà. Ọ̀gá akọrin gbìyànjú láti sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, gíláàsì fèrèsé sì gbọ̀n.

"Erin rè é."

Lójú kan náà ló mọ ohun tó sọ, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti bọ́.

Erin náà dúró síbẹ̀, ó ń mi etí rẹ̀, ìró rẹ̀ sì ń wọlé sí wa bí ìgbà tí ènìyàn bá ń gbọn aṣọ tútù kí ó tó sá a. Ó gbé ọwọ́ ìjà rẹ̀ sókè, ó ya ẹ̀ka igi kan, pá. Òórùn rẹ̀ wọ inú bọ́ọ̀sì, òórùn koríko àti ẹrẹ̀. Ìyá mi ti la ojú. Èmi ló yí ojú rẹ̀ sí, kì í ṣe ọ̀nà.

"Ọmọ mi."

"Màmá."

"Etí ta ni ó ń dún yẹn?"

"Etí erin ni, Màmá."

"Èyí tí mo kí ńkọ́?"

Mo wo àwọn akọrin, gbogbo wọn ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ọkùnrin oníkáàkì kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n òun náà sorí kọ́.

"Àpáta ni, Màmá," ni mo wí.

Ó nawọ́ sí mi, mo di ìka rẹ̀ mú, mo fi tọ́ka sí ibi tí erin wà. Ó na ọrùn, ó fún ojú pọ̀. Ẹ̀ka igi tún ya. Lẹ́yìn náà, erin kọjá, igbó sì pa dé lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, ẹ ti rí i báyìí," ni ọ̀gá akọrin wí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ̀bẹ̀. "Ẹ ti rí erin gan-an. Ó ti parí."

"Ọ̀gá akọrin," ni ìyá mi wí, "àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Nǹkan fìrí ni èmi rí." Ó wá kọjú sí mi. "Àti ìwọ, ìwọ ọmọ yìí. Bàbá mi fi iná sun òrìṣà. Ìwọ wá sọ mí di abọ̀rìṣà lọ́jọ́ ogbó."

N kò mọ ibi tí mo lè fi ojú sí. Nígbà náà ni mo rí i pé èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ni. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ nù ún. "Mo ní ó dákẹ́," ni ó ń wí. "Mo ní, erin yìí, ó mọ̀wà hù." Bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá akọrin rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí bí erin náà bá ṣì wà nítòsí, yóò ti sá dé ìpínlẹ̀ mìíràn. Èmi ni mò ń sunkún.

Ní ọ̀nà ilé, níbi àwọn adágún omi tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀, ó fi ìgúnpá tì mí.

"Ojú tí kò mọ àpáta yàtọ̀ sí erin, kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ọjọ́ wo ni dókítà yẹn wí?"

Nígbà tí a délé, kí a tó jẹun, ó ní kí a gbàdúrà. Lẹ́yìn Àmín, ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tí mo ti fi kọ́ ọmọ mi. Ó ní, "Má ṣe parọ́ fún mi mọ́ nítorí pé o fẹ́ràn mi. Bí o bá fẹ́ràn mi, sọ fún mi pé kò sí. Èmi àti Ọlọ́run yóò yanjú èyí tó kù."

A lọ sí ilé ìwòsàn náà kí Kérésìmesì tó dé. Ó di ọwọ́ mi mú títí wọ́n fi ní kí n jáde. Ní ọjọ́ tí wọ́n tú aṣọ kúrò lójú rẹ̀, tí wọ́n fi ìgò tó nípọn bí ìdí ife sí i lójú, èmi ni ó kọ́kọ́ rí. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"O ti sanra," ni ó wí. "Wọ́n ní mo ń wá erin kiri."

Ọlọ́run jẹ́ kí ó lo ojú náà pẹ́. Ó fi ka Bíbélì rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó fi rí ọmọ tèmi nígbà tí mo bí i. N kì í ronú kàn án kí n má dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ fi parí ni ọjọ́ tí a padà sí ọgbà ẹranko. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó tẹ̀ lé e ni. Ọ̀gá akọrin ló fi ọkọ̀ Fọ́kísì rẹ̀ gbé wa, àwa mẹ́ta péré. Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní la ẹnu láti ẹnubodè títí a ó fi jáde, ó sì di áńkáṣíìfù mọ́ ẹnu bí ẹni tí eyín ń dùn. Ọkùnrin oníkáàkì kan náà ló mú wa. Nígbà tó rí ìgò ojú ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mama, yau za ki gani," ni ó wí. Màmá, lónìí ẹ ó rí i.

A bá erin létí odò. Ó wà nínú omi dé orúnkún, ó ń bu omi sẹ́yìn ara rẹ̀, oòrùn òwúrọ̀ sì ń tàn sára rẹ̀. Ìyá mi dúró, ó di igi kan mú. Ó wò ó láti etí dé ìrù. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò mọ bí ó ṣe pẹ́ tó.

"Mo rí erin," ni ó wí.

Mo dúró kí ó bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀. Mo rọra bi í, "Màmá, ẹ kò ní kì í?"

"Mo ti kì í. Àpáta á ti jíṣẹ́."

Bí a ṣe ń padà, ó ní kí ọ̀gá akọrin dúró níbi àpáta náà. Ó sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, kò gba ọwọ́ mi. Ó rìn yí i ká. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ̀ lé òkúta pẹlẹbẹ tó rọ̀ wálẹ̀ níwájú rẹ̀ títí dé ilẹ̀. Ó sún sẹ́yìn, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tún gbé e sí ìkejì. Èmi dúró lẹ́bàá ọkọ̀ bí ọmọ tó ń dúró kí tíṣà máàkì iṣẹ́ rẹ̀.

Ó yọ ìgò, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún un fi sójú.

"Ká má parọ́," ni ó wí. "Ó jọ ọ́."